Ìdajì Orí àti Dáìsì Inú Kọ̀ǹpútà

Ìdajì orí káfíńtà ni wọ́n ṣì gẹ̀. Apá ọ̀tún ti gún régé. Apá òsì rí bí ẹ̀yìnkùlé tí wọn kò ro láti ọdún tó kọjá. Onígbàjámọ̀ tó ń gẹ̀ ẹ́ ti gbàgbé rẹ̀ sórí àga. Ó tẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ dígí, kílípà ń kùn lọ́wọ́ kan, ìka ọwọ́ kejì wà lórí bọ́tìnì.

"Ọ̀gá, orí mi ńkọ́?"

"Orí rẹ wà níbẹ̀. Ṣé ó ń lọ síbì kan ni?"

"Ó ń lọ o! Aago mẹ́rin ni bàbá ìyàwó mi ní kí n wá rí àwọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ohun tí wọ́n bi ọmọ wọn ni pé, 'Ta ló gbé igbó yìí wọlé fún mi?' Bí mo bá gbé ìdajì igbó lọ lónìí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn."

"Irùngbọ̀n ńkọ́? Ṣé kí n gé e mọ́ ọn?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Irùngbọ̀n yìí ni ọmọ wọn rí tó fi gbà fún mi."

"Ó dáa. Fọkàn balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù."

Ẹ̀ẹ̀kan péré yìí, káfíńtà ti gbọ́ ọ títí ó ti sú u. Ó na ọrùn wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Kí tiẹ̀ lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Ayò dáìsì ni. Èmi àti kọ̀ǹpútà la jọ ń ta á. O máa ju dáìsì, ohun tó bá já, o máa rò ó pọ̀. O lè jù ú títí tó bá wù ọ́. Àmọ́ bí ọ̀kan bá lè já báyìí, gbogbo ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jọ ti wọmi, ó ti kan ọ̀tá rẹ láti jù nìyẹn. Bí o bá rí i pé ó tó, tẹ bọ́tìnì 'Kó o pamọ́'. Kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pé ọgọ́rùn-ún ló jẹ."

"Kọ̀ǹpútà ti kó mélòó?"

"Àádọ́rùn-ún."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ọgọ́ta. Àmọ́ ogún wà nílẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jù."

"Ẹ tètè kó o pamọ́ nígbà náà!"

"Pamọ́ kẹ̀? Ojo ló ń kó nǹkan pamọ́. Wo kọ̀ǹpútà yìí, bó bá ti rí ogún, á sáré tẹ bọ́tìnì. Kò láyà rárá."

"Aláìláyà yẹn ló ń nà yín láti àárọ̀."

"Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun."

Ó tẹ̀ ẹ́. Dáìsì yí bírí-bírí. Ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ṣe "fìììì" bí táyà tó ń jò.

"Ogún yín dà?"

"Dákẹ́ ẹnu rẹ."

"Ọ̀gá, wọn kì í fi iná sórí òrùlé sùn."

"Orí òrùlé ta ni iná wà?"

"Tèmi! Ẹ wo orí mi! Nídìí iṣẹ́ tiwa, ẹ̀ẹ̀mejì là ń wọn pátákó ká tó fi ayùn kàn án. Bó bá ti kúrú, kò ṣeé fà gùn."

"Ìdí tí mo fi fi pátákó sílẹ̀ fún ẹ nìyẹn. Irun kì í ṣe pátákó. Á tún hù."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣàdéhùn. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ, ẹ ó pa á, ẹ ó wá parí orí mi."

"Bí èmi bá jẹ ńkọ́?"

"Ẹ ó... parí orí mi náà ni."

"Rárá o. Bí mo bá jẹ, a ó tún ta òmíràn."

Káfíńtà wo aago ara ògiri. Aago náà kò ṣàánú rẹ̀.

"Mo gbà."

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà láyé yìí tó káfíńtà. Ó ń wò ó bí ìyá tó ń wo ọmọ nídìí ìdánwò. Kọ̀ǹpútà jù ú. Ọ̀kan.

"Ha! O já mi kulẹ̀!" ni káfíńtà kígbe.

"Ta lò ń bá wí?"

"Ẹ má dá mi lóhùn."

Onígbàjámọ̀ wo ìka rẹ̀ tìkà-tẹ̀gbin. "Ọwọ́ mi ti burú lónìí. Ìwọ bá mi jù ú. Ọwọ́ ọkọ ìyàwó kì í já sófo."

Inú káfíńtà dùn dé èékánná. Ohun tó ń wá gan-an nìyí: kó máa jù ú láìdúró títí ọ̀kan yóò fi já, kí kọ̀ǹpútà lè jẹ. Ó fi ìka tẹ bọ́tìnì bí ẹni ń tẹ ìdun pa.

Ẹ̀fà.

"Ọkọ ìyàwó!"

Àrún. Ẹ̀fà. Ẹ̀fà mìíràn.

"Ọ̀kan dà?" ni káfíńtà kùn.

"Kí lo wí?"

"Mo ní... ọ̀kan ò ní já."

"Àmín!"

Ọwọ́ onígbàjámọ̀ kúkú ti kúrò lórí bọ́tìnì, ló bá rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé kílípà lé apá òsì, irun ń já lulẹ̀. Ohun tí káfíńtà ń bẹ̀bẹ̀ fún láti àárọ̀ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ì bá gbé ìka kúrò, kó jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ewé ti pẹ́ lára ọṣẹ, ó ti di ọṣẹ.

Ẹ̀rin. Ẹ̀ta. Ẹ̀fà!

"Ó ti tán," ni onígbàjámọ̀ wí. "Wo ara rẹ."

Káfíńtà gbójú sókè wo dígí. Orí náà dára, ó dára débi pé ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Bàbá ìyàwó á ní kí wọ́n fa àga fún irú orí báyìí. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tún padà sórí kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀gá, ó ku mẹ́rin péré ká jẹ."

"Kó o pamọ́, kí o máa lọ. Ṣebí ìwọ lo ní wọn kì í fi iná sórí òrùlé sùn?"

"Ojo ló ń kó nǹkan pamọ́! Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Ọmọ mi ni ọ́! Bí o ṣe ń jù ú, jẹ́ kí n tún fọwọ́ kan àárín orí yìí. Ó ti dáa o, àmọ́ ó ṣì lè dáa sí i."

"Díẹ̀ péré o."

"Díẹ̀ péré ni."

Kílípà gun orí, ìka gun bọ́tìnì. Dáìsì yí, ó yí, ó dúró. Ọ̀kan.

Fìììì!

Káfíńtà fò sókè. Kílípà kò mọ̀ pé ayò ti bàjẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ láti iwájú orí dé ìpàkọ́.

Káfíńtà fọwọ́ kan àárín orí.

"Ọ̀gá, kí ló wà lórí mi?"

"Ọ̀nà ni."

"Ọ̀nà ibo?"

"Ọ̀nà ilé àna rẹ."

"Ẹ bá mi tún un ṣe! Ẹ ní irun kì í ṣe pátákó! Ẹ ní á tún hù!"

"Á hù."

"Kó tó di aago mẹ́rin?"

Onígbàjámọ̀ wo aago, ó tún wo orí. "Òfin ayò náà nìyẹn, ọmọ mi. Bí ọ̀kan bá ti já, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ."

Ó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ lóòótọ́. Nígbà tó ṣe tán, iná àjà ń dán lórí káfíńtà. Omijé lé ròrò sí i lójú.

"Bàbá ìyàwó mi á ní igbó làwọn ní kí n ro, àwọn ò ní kí n fi ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe pápákọ̀ òfurufú!"

"Má sunkún mọ́." Àánú ṣe onígbàjámọ̀. Ó gbé àgbọ̀n káfíńtà sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò sọ́tùn-ún sósì, ló bá tún tan kílípà. "Irùngbọ̀n yìí ni kò bá orí mu mọ́. Jẹ́ kí n fi kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Káfíńtà fọwọ́ méjèèjì bo irùngbọ̀n, ó fò kúrò lórí àga tòun taṣọ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹnu ọ̀nà ló ti dáhùn:

"Mo ti kó èyí pamọ́!"