Èyí Tí A Kì Í Dán Wò

"Ìyá, bí ẹ bá bá ẹnì kan nílẹ̀, tí kò mí, tí ètè rẹ̀ ti dà bí aró, kí lẹ máa ṣe?"

Wendell Stamper, apoògùn, ló bi Ìyá Orpha Combs bẹ́ẹ̀, nínú yàrá ìdánwò kan ní Kentucky, níbi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn tí wọn yóò máa fín símú ẹni tó bá lo oògùn apàrora ní àlòjù. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí kì í ṣe dókítà lè dá a lò. Ère rọ́bà kan tó dà bí ènìyàn nà gbalaja sílẹ̀. Ìyá Orpha mọ ohun tó gbé òun wá. Òkúta já lu Dillard, ọmọ ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn níbi ìwa-èédú. Láti ìgbà náà ni kò ti lè fi oògùn apàrora sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó lè jí i bó bá lò ó lálòjù wà nílé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá ń gbọ̀n.

"Màá pariwo orúkọ ẹ̀."

"Ó dáa, mà. Oògùn rèé. Mi ò gbọdọ̀ ràn yín lọ́wọ́ o. Ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbí."

Ìyá kúnlẹ̀ ti ère. "Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Kò lórúkọ, mà."

"Mo rò pé o ò sí níbí?"

Ìyá fa oògùn yọ nínú ọ̀rá, ó gbé e sókè, ó sì fín in sínú afẹ́fẹ́, fíìn! bó ti máa ń ṣe oògùn ọ̀fìnkìn tirẹ̀ láràárọ̀.

"Ó ń ṣiṣẹ́!"

"Yéè! Ìyá!"

"Ìwọ tí o ò sí níbí lò ń ké yẹn?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń fín! Ó ti tán!"

Ìyá tẹ̀ ẹ́ símú ère. Òfìfo. "Ta ló sọ fún mi?"

"Ó wà nínú ìwé ẹ̀, mà, ojú ewé kẹrin."

"Ojú ewé kẹrin! Dillard nà sílẹ̀, kò mí, kí èmi wá máa wá awò ojú mi kiri?"

"Àwa mẹ́sàn-án tá a ń ṣe é la jọ ka ìwé yẹn, ó sì yé gbogbo wa."

"Ta ni imú ń dí nínú yín?"

"Kò sí, mà."

"O ò rí i! Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ìyá àgbà tí kò ní oògùn imú, kò sì sí èyí tí kì í kọ́kọ́ dán an wò."

Wendell rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó mú bírò pupa, ó kọ ọ́ gàgàrà sí ojú oògùn mìíràn: MÁ DÁN AN WÒ. Ó nà án sí ìyá.

Ọwọ́ ìyá ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n imú gba ọwọ́ tó ń gbọ̀n, kò dà bí abẹ́rẹ́. Ó gbé orí ère sẹ́yìn, ó ki ẹnu oògùn bọ̀ ọ́ nímú, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe bí ẹni ń fi fóònù pe ọkọ̀ aláìsàn, ó sì yí ère fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

"Ẹ yege! Máàkì mélòó nínú márùn-ún lẹ fún wa?"

"Oògùn gba márùn-ún. Ìwé gba ọ̀kan. Ìwọ gba méjì: ẹnì kan ń kú lọ, ò ń kọ̀wé." Ó tẹ́wọ́. "Fún mi lọ́kan kí n gbé e lọ fún Dillard."

"Kò tíì jáde, mà. Ìjọba ò tíì fọwọ́ sí i."

"Ìgbà wo ni wọ́n á fọwọ́ sí i?"

"Mi ò lè sọ. Àmọ́ tiyín ni àkọ́kọ́ tó bá jáde. Mo jẹ yín ní ọ̀kan."

Ìyá dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Wendell ṣì jókòó ti ère nílẹ̀.

"Dìde níbẹ̀ jàre! Ẹni tó bá jẹ gbèsè ẹ̀mí kì í jókòó."