Ajá Tó Ń Wọ Bàtà Lọ Rí Dókítà

Ẹjọ́ kan dé gbọ̀ngàn ìlú wa ní Sorrel Fork ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ajá ló sì fà á.

Ní Ohio níbí, olórí ìlú kékeré ló ń dá ẹjọ́ wẹ́wẹ́. Tiwa ni Hollis Tackett, tí ń tún ẹ̀rọ gékoríko ṣe. Òun àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ jókòó, ó ní kí olùpẹ̀jọ́ sọ̀rọ̀.

Lorna Pfister, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ ilé-ìwé, dìde pẹ̀lú Gus, ajá rẹ̀. Ó ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí ń bá Gus san owó ìwòsàn ti kọ̀wé pé àwọn ò ṣe mọ́. Wọ́n ní láàárín oṣù mẹ́fà, Gus ti ní ìtọ̀ ṣúgà àti egbò lẹ́sẹ̀, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un kó dín sìgá kù.

"Olórí, ẹ wo ajá mi. Ṣé ó jọ ẹni tí ń mu sìgá?"

Gus yán.

"Ta lẹ fura sí?"

"Wendell Krebs, aládùúgbò mi. Èmi ni mo ní kó máa bá mi mú Gus lọ gba abẹ́rẹ́. Mi ò mọ̀ pé àwọn méjèèjì ló ń gbà á."

Wendell, káfíńtà, tiro dé iwájú. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, kò jiyàn. Ó ní iléeṣẹ́ tí òun ń bá ṣiṣẹ́ ti kó lọ, ìwé adójútòfò òun sì bá a lọ. Wọ́n ti sọ ilé ìwòsàn agbègbè wa di ibi tí wọ́n ń ta bẹ́ẹ̀dì. Ti ọ̀fẹ́ tó kù, oṣù karùn-ún ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n tó lè rí òun.

"Ẹsẹ̀ mi ò lè dúró dìgbà yẹn," ó ní. "Lọ́dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n ń pe Gus lórúkọ, wọ́n ń béèrè bó ṣe sùn. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Ellen ìyàwó mi ti kú. Wọ́n ní, 'Gus dà?' Mo ní èmi nìyí."

"O pe ara rẹ ní ajá?"

"Mi ò gbó o, Olórí. Mo kàn dáhùn ni."

Wọ́n pe dókítà ẹranko, Odell Yoder. Ó búra pé òun ò fọwọ́ kan aláìsàn ènìyàn rí, nítorí òfin ò gbà á.

"Egbò ta lẹ wá ń wẹ̀?"

"Ti ajá ńlá kan."

"Ó ní ìrù?"

"Mi ò wo ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ló ní ó ń dun òun."

"Ajá ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Dókítà ronú. "Ó mọ̀rọ̀ sọ. Ó tún bá mi tún ilẹ̀kùn mi ṣe."

Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní egbò náà ti ń jinná, ṣùgbọ́n bí ìtọ́jú bá dúró báyìí, gígé ni wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà.

Lorna yíjú sí Wendell. "Oníjìbìtì. Ṣé o ò lè wá sọ fún mi ni?"

"Ilé ìwòsàn ńlá lẹ máa gbé mi lọ. Ellen ti kú láti ọdún méjì, wọ́n ṣì ń kọ lẹ́tà owó sí i."

Lorna fọwọ́ pa ajá rẹ̀ lórí.

Ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ sí ara wọn létí, Olórí sì dájọ́.

"Wendell purọ́. Ìyà irọ́ ni kó di òótọ́. Akọ̀wé, mú ìwé tí a ń kọ orúkọ ajá sí wá. Láti òní, ajá Lorna ni Wendell. Yóò máa so àmì idẹ mọ́ ọrùn. Kò gbọdọ̀ lé ẹni tí ń pín lẹ́tà. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni Lorna yóò máa mú un lọ wẹ egbò. Gus ni yóò wà lórí ìlà ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ dípò rẹ̀ títí di oṣù karùn-ún."

"Ṣé ilé-iṣẹ́ adójútòfò á gbà á?"

"Wọ́n ti gbà pé ajá ń mu sìgá."

Lorna fọwọ́ ara rẹ̀ so àmì náà mọ́ ọn lọ́rùn. "Tí mo bá rí sìgá lẹ́nu rẹ, mo máa so ọ́ mọ́ igi."

Olórí béèrè bóyá ẹjọ́ mìíràn wà. Kò sí. Àgbà ìgbìmọ̀ kan, tó ti ń fi aṣọ ìnujú bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú láti ìgbà òtútù, rọra bi akọ̀wé bóyá àmì ajá ṣì kù.

Nígbà tí mo fi máa jáde, ìlà àwọn tó ń béèrè àmì ti dé ẹnu ọ̀nà. Olórí Tackett ló wà níwájú.