Ìyá Àgbà Tí Ẹ̀rọ Ń Ké Sí

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, bí kì í bá ṣe pé èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún Kábíyèsí, ǹ bá sọ pé irọ́ ni. Ìyá àgbà kan ló pe ọkọ ọmọ rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni atúnrédíòṣe, lẹ́jọ́.

“Kábíyèsí, ọmọ mi bímọ, ó di ọjọ́ kọkànlá lónìí. Mi ò tíì gbé ọmọ-ọmọ mi rí. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń fi hàn mí bí ẹni ń pàtẹ ọjà. Ó dùn mí gan-an.”

“Atúnrédíòṣe, kí ló dé?”

“Kábíyèsí, ìtànṣán olóró tójú kì í rí ni, irú ti átọ́míìkì. Mo ṣe ẹ̀rọ kan tó máa ń ké tó bá ti rí i. Ó ké sí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ké sí ògiri, ó wá ké sí Mámà. Mo fún Mámà lóògùn ìtànṣán, mo fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo fún ògiri.”

“O fún ògiri lóògùn?”

“Mo lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ọ̀dà ni, mo fi kùn ún. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́.”

Ọ̀tún, tó jókòó láàárín ìgbìmọ̀, yíjú sẹ́yìn kó tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe apòògùn.

“Mo kìlọ̀ fún un, Kábíyèsí. Bí ilé-iṣẹ́ átọ́míìkì bá bú gbàmù, tí ìjọba sì ní ká lò ó, oògùn yìí kì í jẹ́ kí áyódíìnì olóró tó ń tú jáde níbẹ̀ ráyè jókòó sí ọ̀fun èèyàn. Kò kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ rárá.”

“O kìlọ̀ fún un, o sì tún tà á fún un?”

“Ìgò mẹ́fà péré ni. Ó ní ògiri òun pọ̀.”

Ó kan aránṣọ, aládùúgbò wọn. “Ó ṣojú mi kòró, Kábíyèsí. Mámà ni ẹ̀rọ ké sí.”

“Kí ló wà lọ́wọ́ wọn?”

“Ọ̀gẹ̀dẹ̀.”

“Kí ni wọ́n fẹ̀yìn tì?”

“Ògiri.”

“Èwo wá ni ẹ̀rọ ké sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?”

“Ká sòótọ́, èmi ò sí níbẹ̀. Ìyàwó mi ló sọ fún mi.”

Kábíyèsí ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ọ̀hún wá. Wọ́n gbé e sún mọ́ ìgò oògùn: tà-tà-tà.

Apòògùn wúkọ́. “Èròjà kan tó ń jẹ́ pòtásíọ̀mù wà nínú oògùn náà, bó ṣe wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ògiri. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń tànṣán. Ó wà lára gbogbo wa, kì í ṣe wá ní nǹkan kan.”

Wọ́n gbé ẹ̀rọ sún mọ́ Ọ̀tún: tà-tà. Wọ́n gbé e sún mọ́ ọmọ tuntun tí ìyá rẹ̀ gbé wá sí ààfin: tà-tà.

Atúnrédíòṣe fò dìde. “Kábíyèsí, a óò gbé ọmọ náà jìnnà sí òun fúnra rẹ̀.”

Kábíyèsí ò tiẹ̀ bi ìgbìmọ̀ léèrè mọ́. “Ẹ̀rọ ké sí ọmọ, ó ké sí ìyá àgbà, ìdílé kan náà ni wọ́n. Ìyá, ẹ gbé ọmọ yín. Ìwọ ní tìẹ, ìwọ ni wàá máa fọ gbogbo ìlédìí ọmọ yìí. Ọjọ́ tó o bá fọ ọ̀kan tí ẹ̀rọ rẹ ò ké sí, ọjọ́ náà ni mo dá ọ sílẹ̀.”

Ìyá àgbà ti nawọ́ kí ọ̀rọ̀ tó tán. Ó gbá ọmọ náà mọ́ àyà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé ọmọ ti tọ̀ sí òun lára. Nígbà tó mọ̀, ó rọra tú ìlédìí náà, ó nà án sí ọkọ ọmọ rẹ̀.

“Àna mi,” ló wí, “ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí.”