Àpò Gaàrí Lórí Ìjókòó Kejì

Mọ́lará ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ sọ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kan wà tí mi ò lè gbàgbé títí wọn ó fi gbé mi sin, ọjọ́ tí òjò, gaàrí àti ìgbéraga mi pàdé nínú mọ́tò kan ṣoṣo lójú ọ̀nà Ayépé. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tó dá a sílẹ̀.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti fọ́n ká bí ẹyẹ tó rí òkò. Ilé tí mò ń gbé n'Ìjẹ̀bú-Òde tóbi débi pé bí mo bá sín, èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́ o." Kí n má baà ya wèrè, mo dá oko ẹ̀gẹ́ àti ewùrà sẹ́yìn Ayépé, mo sì ra jíìpù kékeré kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń bá wọn ṣe ọ̀nà, tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé rẹ̀. Ìjókòó méjì péré ló ní, ti awakọ̀ àti ti ẹnì kejì. Àyè ẹrù wà lẹ́yìn, tapólì sì ni òrùlé rẹ̀. Ó ń gun òkè, ó ń wọ ẹrẹ̀, ó ń la igbó kọjá. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè ṣe ni kó gbé èèyàn jẹ́jẹ́.

Èmi àti Mọ́lará la jọ sùn sí yàrá kan náà nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ó fẹ́ràn ẹ̀rín ju òótọ́ lọ, èmi sì fẹ́ràn òótọ́ ju ẹ̀rín lọ, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ láti ìgbà náà wá. Òun ni mo kọ́kọ́ gbé sórí ìjókòó kejì. A lọ soko, a bọ̀. Ó kàn di irin mú gírígírí ni, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ni mò ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, níbi ìpàdé àwọn ìyá lẹ́yìn ìsìn, mo béèrè pé ta ni yóò bá mi lọ soko lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mọ́lará dìde, ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹni tó bá fẹ́ràn eyín ẹ̀, kó má wọ jíìpù Tíṣà o! Ọ̀kan tèmi bọ́ sí Odogbolu, mo ṣì ń wá a."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó àlùfáà pàápàá fi ìwé orin bojú. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún gbà kí n gbé òun. Bí mo bá dúró létí ọ̀nà, wọn á ní, "Tíṣà, ẹ máa lọ, mo fẹ́ na ẹsẹ̀ ni." Ẹni tó ru agbọ̀n iṣu sórí nínú oòrùn ọ̀sán ló ń sọ fún mi pé òun fẹ́ na ẹsẹ̀!

Mo búra lọ́kàn mi. N óò tún jíìpù yìí ṣe títí yóò fi máa lọ bí ẹni ń rìn lórí òwú, Mọ́lará yóò sì padà wá jókòó sórí ìjókòó yẹn, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

Sáyẹ́ǹsì ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, nítorí náà mi ò rí ìdí tí mo fi ní láti kọ́kọ́ lọ bá mẹkáníìkì. Mo ronú pé afẹ́fẹ́ inú táyà ló pọ̀ jù. Mo dín in kù títí táyà fi rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Òótọ́ ni pé ara tù mí díẹ̀, ìdùnnú yẹn sì gbé mi dé Odogbolu, níbi tí mo ti yà lójijì fún ewúrẹ́ kan níwájú ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé. Táyà iwájú bọ́ kúrò lára irin rẹ̀, ó nà gbalaja sójú ọ̀nà. Àwọn akọ̀wé yọ orí lójú fèrèsé. Ọ̀kan nínú wọn ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi rí, ọ̀lẹ paraku. Ó kígbe pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà! Ṣé ẹ ṣì ń fún èèyàn ní iṣẹ́ àṣetiléwá?" Mo kàn rántí pé máàkì méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà lọ́dún tó gbẹ̀yìn, mo sì sọ ọ́ sókè kí àwọn yòókù lè gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gé fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì àlejò. Àlejò ò kúkú wá. Mo tò ó ní ìpele mẹ́ta sórí ìjókòó mi. Mi ò mọ̀ pé fóòmù kì í parí ìjà, ńṣe ló kàn ń sún un síwájú. Nígbà tí mo wọ kòtò ńlá tó wà lẹ́yìn Odogbolu, fóòmù tẹ̀, ó gbà mí, ó sì jù mí padà sókè bíi bọ́ọ̀lù. Orí mi lu tapólì já. Èmi obìnrin ọlọ́dún mọ́kànlélọ́gọ́ta, mo yọ orí lókè mọ́tò bí alángbá tó ń yọjú nínú ihò. Nígbà tí mo padà bọ́ sílẹ̀, gèlè mi ò bá mi bọ̀. Mo délé, mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ihò náà bí mo ṣe máa ń rán ṣòkòtò àwọn ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ihò yìí.

Ìgbà náà ni mo wá gba kámú, mo gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Mùfú mẹkáníìkì. Ọkùnrin onísùúrù ni, kì í wọ abẹ́ mọ́tò láìkọ́kọ́ sọ pé "Bísímílà." Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó fi àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn lábẹ́ ibẹ̀ hàn mí, àwọn ni wọ́n ń pè ní sípíríǹgì, tí wọ́n ń gba ìnira kòtò kó má baà dé ara èèyàn. Ó tún fi ṣọ́kì hàn mí, ọ̀pá tí òróró wà nínú rẹ̀, tó ń mú kí ara mọ́tò rọlẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti fò. Ṣọ́kì tiwa ti jò tán, tuntun sì wọ́n bí ojú, torí lásìkò yẹn ohun èlò mọ́tò ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀lú mọ́ láti òkè òkun.

"Yọ mẹ́ta kúrò nínú irin wọ̀nyẹn," ni mo wí.

"Ìyá Tíṣà, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o."

"Mùfú, ta ló kàwé nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó dáa. Yọ ọ́."

Ó yọ ọ́. Jíìpù lóṣòó sílẹ̀ bí ajá tó fẹ́ yàgbẹ́. Lóòótọ́, kò fò mọ́. Ńṣe ló ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, bí ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, èébì sì gbé mi kí n tó dé Ayépé. Kò sí òkúta kan lójú ọ̀nà tí ìdí mọ́tò ò gbá. Mo dá a padà lọ́jọ́ kejì. Mùfú ò sọ pé, "Ṣé mo sọ fún yín." Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ó dá àwọn irin padà sáyè wọn, ó nu ọwọ́, ó wá wò mí.

"Ìyá Tíṣà, àrùn mọ́tò yìí ò pọ̀. Ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹrù bá wà nínú ẹ̀, sípíríǹgì á tẹ̀, ara ẹ̀ á rọ̀. Ẹ̀yin nìkan fúyẹ́ jù fún un. Ta ló máa ń jókòó tì yín?"

"Kò sí ẹnì kankan."

Ó fi ọwọ́ tẹ ìjókòó kejì. "Ẹ wá àpò iyanrìn mẹ́ta. Ẹ gbé ọ̀kan sórí ìjókòó kejì, kẹ́ ẹ gbé méjì sẹ́yìn. Ẹ ó rí i."

Mo wakọ̀ délé, ọ̀rọ̀ náà ń yí lọ́kàn mi. Àṣé mọ́tò pàápàá mọ̀ pé èmi nìkan ni mo wà.

Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ni yóò máa gbé iyanrìn lọ, tí yóò tún máa gbé e bọ̀, bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú? Gaàrí ni mo fi dípò, gaàrí tiwa, èyí tó kan, tó gbẹ dáadáa. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni mo ti rà á, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ mi nígbà Kérésì. Mo ní bó ṣe ń dúró de Kérésì yẹn, kó máa bá mi ṣiṣẹ́. Mo fi okùn so àpò kan mọ́ ìjókòó kejì, mo di méjì sẹ́yìn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, jíìpù yẹn rọ̀! Kòtò tó fẹ́ yọ mí lórí lẹ́yìn Odogbolu, "hùn" ló kàn ní, a ti kọjá. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àpò gaàrí sọ̀rọ̀. Mo ròyìn ìyàwó àlùfáà fún un, mo ròyìn akọ̀wé olódo yẹn, mo sọ gbogbo ohun tí àbúrò ọkọ mi ṣe níbi ìsìnkú ọkọ mi. Àpò gaàrí ò já lu ọ̀rọ̀ mi rí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò ní alábàárìn tó dára jù ú lọ. Bí a bá délé nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbàgbé ara mi, màá ní, "A dúpẹ́, a ti dé o."

Mo wá gbéra, ó di ilé Mọ́lará.

"Ọ̀rẹ́, mo ti tún mọ́tò ṣe. Jẹ́ ká lọ wa ewùrà ní Sátidé, ká fi se ìkọ́kọrẹ́ nílé mi."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Àwọn eyín mi tó ṣẹ́kù ńkọ́?"

"Bí ọ̀kan bá mì, màá fi tèmi dí i."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìkọ́kọrẹ́ ló fà mí o, kì í ṣe mọ́tò."

Nígbà tí Sátidé dé, mo gbé àpò orí ìjókòó kejì sẹ́yìn, ó di mẹ́ta níbẹ̀. Mọ́lará sanra dáadáa, mi ò bú u, òótọ́ ni mo sọ. Nígbà tó jókòó, jíìpù mí kanlẹ̀. A jáde n'Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí gbígbọ̀n, kò sí ariwo. Mo yíjú wò ó. Ó ti tú ọwọ́ kúrò lára irin.

"Ó mà dáa o," ló wí. "Tíṣà, ó mà dáa gan-an o!"

Ohun tí mo ti ń retí láti oṣù mélòó kan nìyẹn. Ó yẹ kí n dákẹ́, kí n máa gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e, kòtò àti ariwo ló ń gé ọ̀rọ̀ mi sí wẹ́wẹ́. Lọ́jọ́ yìí, kò sí ohun tó ń gé e mọ́. Mo sọ fún un pé aṣọ tó wọ̀ ò bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Mo sọ pé ọkọ tí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin fẹ́, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó pé yóò já a jù sílẹ̀, mo sì wí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mo rán an létí ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú àwọn ìyá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́, kó lè yé e. Ó ń wo igbó. Mo rò pé ìrìn àjò ló ń gbádùn.

A kọjá Odogbolu tán ni òjò dé. Òjò Ìjẹ̀bú kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹ rántí ihò tí orí mi lu sí tapólì? Òwú mi já. Afẹ́fẹ́ kó sí i, ó fa tapólì ya láti òkè orí mi títí dé ẹ̀yìn, omi wá ń dà gbàrà gbàrà sórí àpò mẹ́ta wọ̀nyẹn. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta n'Ìjẹ̀bú mọ ohun tí gaàrí ń ṣe bó bá rí omi. Èmi olùkọ́ sáyẹ́ǹsì nìkan ni ọkàn mi ò lọ síbẹ̀. Àpò bẹ̀rẹ̀ sí í wú. "Pọ̀ọ̀!" Èkíní bẹ́. "Pọ̀ọ̀!" Èkejì tẹ̀ lé e. Gaàrí rírin yọ́ kẹ́lẹ́ wá síwájú, ó gun Mọ́lará léjìká, ó kún inú bàtà mi. Bí mo bá tẹ bíréèkì, gaàrí ni mò ń tẹ̀. Ẹrù náà wá wúwo débi pé sípíríǹgì tẹ̀ pátápátá, mọ́tò gúnwà lé táyà lórí, ó sì kú síwájú ilé kan lẹ́nu ọ̀nà Ayépé.

Nígbà tí òjò dá, àwọn èèyàn jáde wá wò wá. Obìnrin kan yọjú sẹ́yìn mọ́tò, ó sì kígbe sínú ilé pé, "Ẹ gbé abọ́ wá o! Àwọn ìyá kan ti bá wa po gaàrí dé! Ṣúgà ló kù!"

Mọ́lará wò mí. Gaàrí wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń rín ní yàrá wa nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, ó di èjìká mi mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ká ní mo bá a rẹ́rìn-ín lásìkò yẹn ni, ìtàn yìí ì bá dùn ju báyìí lọ. Ṣùgbọ́n gaàrí àwọn ọmọ mi ni mò ń wò. Mo gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ìwọ lo fà á! Bí kì í bá ṣe ti ẹnu rẹ níwájú àwọn ìyá, kí ni gaàrí ń wá nínú mọ́tò mi?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn ìró rẹ̀, ó dá takisí kan dúró. Kó tó wọ̀ ọ́, ó padà wá, ó gbé ọwọ́ lé ara jíìpù, ó sọ gbólóhùn méjì. Kò pariwo. Kó tó di Kérésì, ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ Ayépé.

Mùfú bá mi fọ mọ́tò, nígbà tó yá ó rí ṣọ́kì tó dára fún mi. Jíìpù yẹn gbé mi jẹ́jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí ẹni tó jókòó tì mí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé bí mẹkáníìkì bá ní iyanrìn, ẹ lo iyanrìn. Mo kọ́ òmíràn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó gbà á. Nígbà mìíràn nínú ilé ńlá yìí, mo máa ń rántí obìnrin tó ń wá ṣúgà, màá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì dá lójijì, torí kò sí ẹni tó ń gbè é. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ Mọ́lará fún yín. Òótọ́ tí mo sọ pé mo fẹ́ràn ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà sílẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́:

"Ọ̀rẹ́, jíìpù rẹ ti dára. Ẹnu rẹ ló kù tí ò ní sípíríǹgì."