Kòtò Tí Ìgbìmọ̀ Ọba Fẹ́ Dí

Láyé ìgbà tí ìpàdé ṣì pọ̀ ju oúnjẹ lọ, Kìnnìún jọba ní Igbó Ọ̀rọ̀pọ̀. Kábíyèsí ní iyùn lọ́rùn, ohùn rẹ̀ ń dún bí àrá, kòtò ọ̀gbàrá kan sì la ìlú rẹ̀ sí méjì. Lọ́dọọdún, bí òjò bá dé, kòtò yìí a gbé ilé ẹnìkan mì. Lọ́dọọdún náà, Ìkookò, olórí ìgbìmọ̀ ọba, a gba iṣu lọ́wọ́ ará ìlú, a ní kòtò làwọn fẹ́ fi dí. Ìgbìmọ̀ a jókòó, wọn a jẹun, wọn a túká. Ikùn kún, kòtò ò kún.

Etí kòtò yìí ni Ìyá Òkété ń gbé. Lọ́jọ́ tí ọ̀gbàrá gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí iná, ó bínú títí, ìbínú náà di ẹ̀rín. Ló bá gba etí odò lọ, ó gé eèsún, ó sì gbìn ín yí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ká.

Àgbọ̀nrín, aládùúgbò rẹ̀, kọjá, ó ní, "Ìyá, ṣé koríko lẹ fẹ́ fi dá ọ̀gbàrá dúró?"

"Ẹnu ọ̀nà mi ni mò ń tún ṣe, ọmọ mi. Ti ìlú ń bẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀."

Àgbọ̀nrín rẹ́rìn-ín lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò tún dé, tí ilẹ̀kùn tirẹ̀ léfòó, ẹnu ọ̀nà Ìyá Òkété dúró digbí. Kíá ló padà wá tọrọ eèsún. Ehoro náà wá. Túùkú gba tirẹ̀, ó jẹ ìdajì lọ́nà, ó gbin ìyókù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: koríko di iyẹ̀pẹ̀ mú, iyẹ̀pẹ̀ ń ga sí i, títí àwọn ọmọdé fi ń ta òkìtì níbi tó jẹ́ kòtò tẹ́lẹ̀. Inú Ìyá Òkété dùn débi pé bó bá ń gbálẹ̀, ijó ló ń jó.

Ìròyìn dé ààfin. Wọ́n ránṣẹ́ pè é.

"Ìwọ Òkété," ni Ìkookò wí, "òkété tó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló yẹ kó máa mu! Ta ló ní kí o tún ìlú ṣe?"

"Ẹ má bínú, Olóyè. Ẹnu ọ̀nà mi ni mo tún ṣe. Ó kàn ń ràn ni, bí ẹ̀rín."

Ìkookò kọjú sí ọba. "Kábíyèsí, bí kò bá sí kòtò mọ́, kí la ó máa dí? Bí a ò bá sì rí kòtò dí, kí la ó wí ká tó gba iṣu?"

Kìnnìún họ irun ọrùn rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ńlá! Ẹ hú koríko náà. Ẹ gbẹ́ kòtò padà, ká lè fi ẹ̀yẹ dí i."

Ìyá Òkété kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Olorì, tó jókòó ti ọba, wolẹ̀.

Wọ́n fa eèsún títí, kò tu. Ó ti ta gbòǹgbò. Ìkookò ní kò burú, kí wọ́n kúkú gbẹ́ kòtò tuntun síwájú ààfin, kí Kábíyèsí lè máa wò ó láti orí ìtẹ́. Wọ́n gbẹ́ ẹ, ó jìn, ó sì dára lójú ìgbìmọ̀. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, Ìkookò ò tíì kí àwọn èèkàn ìlú tán tí òjò fi ṣú. Ọ̀gbàrá wọ ààfin láì kágò. Ìtẹ́ ń léfòó lọ, Kìnnìún wà lórí rẹ̀, Ìkookò di ìrù ọba mú, ó ń pariwo pé kí wọ́n bu ọ̀wọ̀ fún olóyè. Ará ìlú rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn, kí wọ́n tó rántí na igi sí wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbìmọ̀ jókòó sórí àpáta, aṣọ wọn ń kán tótó, wọ́n ń wádìí ẹni tó pe òjò. Nísàlẹ̀ àpáta, Olorì ti ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó wà nínú ẹrẹ̀ dé orúnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Òkété, wọ́n ń gbin eèsún, wọ́n sì ń kọrin tí gbogbo igbó ń gbọ́.

Kìnnìún wò yíká. "Olorì mi ńkọ́?"

Ìkookò dìde, ó wú ikọ́. Ó ní kí ìgbìmọ̀ kan jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà.