Àgbébọ̀ Tó Padà Sílé Ládiméjì

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ fún yín.

Ní ìlú Òkè-Ìgbá, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ládiméjì. Ahun ni. Ó máa ń ka ẹran inú ọbẹ̀ kó tó lọ sóko, á sì tún un kà nígbà tó bá dé. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, fara dà á títí ó fi sú u, ló bá gba kóòtù ìbílẹ̀ lọ. Adájọ́ tú wọn ká. Ó ní kí Àwẹ̀ró dá owó orí padà, ó sì dá a, kò ku kọ́bọ̀ sí i lọ́wọ́. Ó wá ku ọ̀rọ̀ adìyẹ. Adìyẹ kún agboolé Ládiméjì, Àwẹ̀ró ló sì ń fún wọn lóúnjẹ, òun ló ń kó wọn wọlé bí òjò bá ṣú. Adájọ́ ní kí wọ́n pín wọn lọ́gbọọgba. Ìdajì yẹn ni obìnrin náà gbójú lé, torí kò ní ohun mìíràn tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ayé.

Kí ọjọ́ pípín tó pé, Ládiméjì kó gbogbo adìyẹ sínú àgò, ó rù wọ́n lọ sí abà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lẹ́yìn odò. Ó padà sí kóòtù, ó ní àrùn ti pa wọ́n tán. Adájọ́ wò ó tìka-tẹ̀gbin. Ó ní, "Fi ẹnu kan irin."

Ẹ̀yin èèyàn mi, irin yẹn kì í ṣe ohun àwàdà. Gbogbo ìlú ló mọ ọkùnrin tó fi búra èké, tí ọkọ́ tirẹ̀ sì ṣá a lẹ́sẹ̀ láàárín ebè. Ládiméjì náà mọ̀ ọ́n, nítorí náà ó ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa kó tó lanu. "Bí adìyẹ tèmi kan bá tún tẹ ilẹ̀ agboolé mi, kí Ògún mu ẹ̀jẹ̀ mi." Ó fi ẹnu kan irin. Inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń lọ sílé. Ṣebí lẹ́yìn odò ni adìyẹ wà, ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀.

Ohun kan ló gbàgbé. Rárá, kò gbàgbé, ahun ni kò jẹ́ kó ṣe é. Bí a bá mú adìyẹ dé ibi tuntun, ṣebí àkísà la fi ń so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ èèkàn títí ibẹ̀ yóò fi mọ́ ọn lára? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bèèrè àkísà lọ́jọ́ tó kó wọn dé. Ládiméjì ní èyí tí òun ní, òun ṣì ń wọ̀ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó búra, Ládiméjì ń rin pákò lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ ìró ìyẹ́ lókè ọgbà. Àgbébọ̀ pupa kan, ìyá gbogbo àwọn adìyẹ yẹn, fò wọlé, ó sì bà lé okùn tí Àwẹ̀ró máa ń sá aṣọ sí.

Pákò bọ́ lẹ́nu Ládiméjì. Adìyẹ kò tíì tẹ ilẹ̀! Ó fẹ́ sáré lọ mú un, ṣùgbọ́n bó ṣe gbẹ́sẹ̀ báyìí, àgbébọ̀ wo ìsàlẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ bẹ́. Ládiméjì dúró gbagidi.

"Jọ̀ọ́, ìyá mi," ó rọra wí fún adìyẹ, "dúró síbẹ̀."

Okùn ọ̀hún ti gbó, torí kò pààrọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tó ti gbéyàwó. Ó ń fì síwájú, ó ń fì sẹ́yìn. Àgbébọ̀ ń na ìyẹ́, ó ń fi èékánná di okùn mú, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ládiméjì na ọwọ́ méjèèjì sókè lábẹ́ rẹ̀, òun náà ń gbọ̀n. Ó bojú wo ọkọ́ tó fi ti ògiri. Ó dà bíi pé ọkọ́ náà ń wò ó.

Àsìkò yẹn ni Àwẹ̀ró àti akọ́dà kóòtù wọlé, torí adájọ́ ní kí akọ́dà tẹ̀ lé e wá kó ìkòkò àti àpótí rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Oyinlọlá," ni Àwẹ̀ró wí. "Kí lẹ nawọ́ sókè fún?"

"Ẹ rọra rìn!"

Àwẹ̀ró gbójú sókè. "Háà! Àgbébọ̀ pupa kọ́ nìyí? Ẹ ní àrùn pa á."

"Ó... ara rẹ̀ ti yá."

Akọ́dà fọwọ́ lérán. "Ládiméjì, adìyẹ ta nìyí?"

Bí Ládiméjì bá ní tòun ni, tí adìyẹ sì bọ́ sílẹ̀, ó parí nìyẹn. Àwẹ̀ró kò kánjú. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú àgbàdo jáde. Àgbébọ̀ ti rí i, ó na ọrùn.

"Àwẹ̀ró, má fọ́n ọn! Nítorí Oyinlọlá ọmọ wa!"

"Adìyẹ ta ni, Bàbá Oyinlọlá?"

"Tiwa ni!"

Hóró kan bọ́ sílẹ̀. Àgbébọ̀ ṣẹ́ orúnkún. Fọ́nrán okùn kan já, pá!

"Tìrẹ ni!"

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní abà ẹ̀gbọ́n mi! Tìrẹ ni gbogbo wọn, àti òròmọdìyẹ, àti ẹyin tí wọn ò tíì yé! Akọ́dà, ẹ gbọ́ o, èmi Ládiméjì ò ní adìyẹ kankan láyé mi!"

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, okùn já. Àgbébọ̀ balẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin náà ta gìrì lu ògiri, ọkọ́ sì ṣubú gbàgà! Ládiméjì náà ṣubú lulẹ̀. "Ògún ti mu ẹ̀jẹ̀ mi o!" Ó ń fọwọ́ wá ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, kò rí i.

"Dìde," ni akọ́dà wí. "Adìyẹ Àwẹ̀ró ló tẹ ilẹ̀, kì í ṣe tìrẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ àti adájọ́ yóò sọ̀rọ̀ lórí àrùn yẹn."

Àwẹ̀ró gbé àgbébọ̀ rẹ̀ sábẹ́ apá, ó gba ọ̀nà abà lọ kó ìyókù. Títí Ládiméjì fi kú, orí àpáta ló ń sá aṣọ sí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta okùn sí agboolé rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá ń tú ká, ẹ pín ohun tó yẹ ní pípín. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ti ẹni tó búra, tó wá dúró sábẹ́ okùn, ló sì burú jù.