Agogo Tó Gba Odò Lọ́wọ́ Wa

Ẹ bá mi sọ garawa yìí kalẹ̀ ná. Ẹ rọra, kó má dànù, ibi tí mo ti pọn ọ́n jìnnà, ọrùn sì ń dùn mí. Ṣé ẹ̀yin náà tiẹ̀ mọ ìdí tí àwọn àgbà Òkè-Agbọ̀n fi ń pa á lówe pé a kì í fi agogo kí ẹni tórí ń fọ́? Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹ jókòó. Ó ti rẹ̀ mí, n ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Láyé Baálẹ̀ Ọdẹ́yalé, odò Ẹlẹ́ja tó wà lẹ́yìn ilé níbí yìí, tiwa ni. Àwọn ará Ìdí-Ọ̀mọ̀ ní tiwọn ni. Wọ́n fà á títí ó fi sú gbogbo èèyàn, wọ́n wá fẹnu kò sọ́jọ́ kan tí wọ́n máa parí ẹ̀ níwájú Baálẹ̀ wa. Òun nìkan ló mọ ìtàn odò náà. Tó bá ti là á sílẹ̀, ẹjọ́ ti parí.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ni Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Ó yán, ó tún yán, oorun ò sì kùn ún. Ó ní ọrùn òun le. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ fi ata tó ń lọ̀ sílẹ̀, ó wò ó lójú.

"Ṣé ó ti ń kọ mọ̀nà létí ojú yín?"

"Ó ti ń kọ díẹ̀díẹ̀," ni Baálẹ̀ wí. "Ìdajì ojú rẹ ni mò ń rí."

"Túúlu ni. Orí ò tíì fọ́ yín, àmọ́ ó ti wà lọ́nà. Ẹ wọ yàrá, kí n ti fèrèsé. Tẹ́nikẹ́ni ò bá ti pariwo, á ti lọ kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́."

Obìnrin yìí mọ̀ ọ́n, ó ti bá a fara dà á tipẹ́. Lẹ́yìn kíkọ yẹn, ẹ̀gbẹ́ orí kan á máa lù bí ẹni ń gúnyán nínú ẹ̀, ọkọ rẹ̀ ò ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ mọ́, òórùn ọbẹ̀ lásán á sì mú un bì. Tó bá tètè dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn, ó máa ń fúyẹ́.

Ká ní ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀ ni, ọrùn mi ì bá má dùn mí lónìí. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí Ṣángódèyí akéde pé kó sọ fáráàlú kí wọ́n dákẹ́. Ojúde Baálẹ̀ sì ni akéde ti ń bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, Ṣángódèyí ò ní torí ẹ̀fọ́rí pa àṣà tì. Abẹ́ fèrèsé gan-an ló dúró sí. Kó-kó-kó! "Ẹ dákẹ́ o! Túúlu ń ṣe Baálẹ̀!"

Àwẹ̀ró sáré jáde. "Baba akéde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́."

"Ohun tí mò ń sọ fún wọn náà nìyẹn," ni Ṣángódèyí wí, ó sì tún lu agogo kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa.

Wọ́n gbọ́. Ta ló máa gbọ́ pé ara Baálẹ̀ ò yá tí ò ní yọjú? Wọ́n rọ́ dé. Ẹnì kan gbé àtùpà wá kó lè rí ojú ẹ̀. Òmíì gbé ọbẹ̀ ẹja yíyan wá, Baálẹ̀ sì bì. Àgbàlagbà kan ń tẹ̀ ẹ́ lórí, ó ń bi í pé, "Ṣé ibí ni?" Baálẹ̀ ní kí wọ́n sọ fún wọn kí wọ́n má wá mọ́. Ṣángódèyí tún gbé agogo.

Ìró èyí ló dé Ìdí-Ọ̀mọ̀. Ọmọlúwàbí ni wọ́n, wọ́n ní kò yẹ kí àwọn dúró dọ̀la. Baálẹ̀ wọn kó èrò lẹ́yìn, ó mú akéde tiẹ̀ náà dání, torí ẹni ńlá kì í yọ́ wọ̀lú. Nígbà tí akéde méjèèjì fojú kanra lẹ́nu ọ̀nà yàrá, èwo ló máa gbà kí tèkejì dún ju tòun lọ?

"A ò wá torí odò o," ni Baálẹ̀ wọn ń pariwo kí ohùn rẹ̀ lè borí agogo. "Ara yín ló jẹ wá lógún."

Baálẹ̀ wa ṣí aṣọ lójú. "Kí lẹ máa gbà kẹ́ ẹ tó lọ?"

"A ò wá gba nǹkan kan, Baba."

"Ẹ gba odò. Ẹ máa mú un lọ. Ẹ ṣáà bá mi tilẹ̀kùn."

Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Agogo ni wọ́n fi dúpẹ́.

Nígbà tí orí ọ̀hún dá, tí Baálẹ̀ lajú, ó béèrè bóyá àwọn ará Ìdí-Ọ̀mọ̀ ti dé.

"Wọ́n ti dé, wọ́n ti lọ," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ ti fún wọn lódò."

"Ta ló gbọ́ ọ?"

"Gbogbo ìlú. Agogo méjì ló kéde ẹ̀."

Ẹyin lohùn, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló sọ wá di ẹni tó ń gun òkè lọ pọnmi, tá a sì ń gba etí odò baba wa kọjá. Torí náà, bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń yán láìsí oorun, tó ní ìdajì ojú yín lòun ń rí, ẹ bá a ti fèrèsé, kẹ́ ẹ máa lọ sílé yín. A kì í fi agogo kí ẹni tórí ń fọ́. Ó yá, ẹ bá mi gbé garawa wọlé.